Fáìlì Àyúbà

Èmi kò mọ wáyà pupa yàtọ̀ sí dúdú.
Bí wọ́n bá ní èyí ń gbé iná wá, èyí ń gbé e padà,
mo kàn máa ń mi orí bí aláǹgbá ni.
Nọ́ọ̀sì ni mí. Ohun tí mo mọ̀ ni káàdì aláìsàn:
ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń ka káàdì
kí n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Láyíwọlá wá sí Lugbe lọ́sàn-án Sátidé,
ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yanrìn tí a kò tíì kó.
"Ìyá, ọmọ Òró ni mí, ẹ má gbé iṣẹ́ yìí fún àjèjì."
Ó mọ ilé bàbá mi. Ó mọ igi ọsàn ẹnu ọ̀nà.
Ó ní òun kò ba iṣẹ́ jẹ́ rí láti ọdún mọ́kànlá tí òun ti dé Àbújá,
owó tí ó pè sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti Àyúbà.

Àyúbà Gwámná, ọmọ Gbàgyí, kò dọ̀bálẹ̀.
Ó fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ihò ògiri wò, ó kọ nǹkan sínú ìwé.
"Mama, fíríìjì mélòó? Ẹ̀rọ tó ń fa omi ńkọ́?"
Ó lọ.

Ọkàn mi ti tẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ Òró.
Àfi bí mo ṣe rántí Mosúnmọ́lá,
ilé rẹ̀ ní Suleja, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn fíríìjì,
bí òórùn rọ́bà náà ṣe kọ́kọ́ jọ ti ẹja tí a gbàgbé lórí iná.
Ọmọ ìjọ wa ló ṣe wáyà yẹn.
Ohùn rẹ̀ dùn nínú ẹgbẹ́ akọrin,
kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìwé.

Lọ́jọ́ Ajé mo wọ bọ́ọ̀sì dé Garki,
mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí àṣẹ ilé kíkọ́.
Fáànù ń yí bí ẹni tí wọn kò tíì san owó oṣù fún.
Laraba akọ̀wé ní, "Sannu, Mama. Kí lẹ ń wá?"
Mo ní, "Káàdì aláìsàn méjì."
Ó wò mí. Mo ṣàlàyé.

Ó wá Láyíwọlá nínú kọ̀ǹpútà, ó wá a nínú dúrọ́ọ̀,
ó kọ orúkọ náà ní ọ̀nà mẹ́ta.
Kò sí.
Inú mi kọ́kọ́ dùn: aláìlẹ́ṣẹ̀!
Laraba rẹ́rìn-ín. "Mama, ẹni tí kò dé ọsibítù rí,
ṣé ara rẹ̀ le ni, àbí kò jẹ́ kí wọ́n yẹ òun wò?"
Ó fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi gbá mi létí.

Fáìlì Àyúbà nípọn bí búrẹ́dì.
Ilé mẹ́tàdínlógún: Karu, Kubwa, Nyanya.
Àṣẹ, àyẹ̀wò, òǹtẹ̀. Àṣẹ, àyẹ̀wò, òǹtẹ̀.
Lẹ́yìn náà, ojú ewé kan tí bírò pupa là kọjá:
Gwarinpa. Wáyà ilẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ó fìdí rẹmi.
Àyà mi já.
Mo ṣí ewé kejì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà
ó ti tú ògiri náà, ó ti tún un ṣe, lówó ara rẹ̀,
òǹtẹ̀ mìíràn sì wà níbẹ̀.

Mo ti wẹ egbò púpọ̀ láyé mi.
Èyí tó san máa ń ní àpá, ìka a máa mọ ibi tó wà.
Èyí tí wọ́n fi páúdà bò ló ń pa ènìyàn lóru.

Mo pe Àyúbà láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì:
"Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Gwarinpa?"
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ ìró òòlù lẹ́yìn rẹ̀.
"Mo sáré, Mama. Òjò ń bọ̀, onílé ń pariwo. Mo sáré."
Mo ní kó má sáré ní tèmi.

Láyíwọlá ṣì ń pè.
Ó ní Àbújá ti jẹ́ kí n gbàgbé ilé.
N kò gbàgbé.
Ilé gan-an ni mò ń rò nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì Garki.