Bùlọ́ọ̀nù Tí Kò Gbọ́

Ní ìsàlẹ̀ òkè Sábẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin
tí rélùwéè ti gbàgbé,
báṣè Bíàwú jókòó sórí kùkùté igi méjì.
Táyà ọ̀tún ti kúrò. Àmọ̀tísọ̀ ti kúrò.
Rẹsọ́ọ̀ ká jọ sórí àpò sìmẹ́ńtì bí ejò tó yó.
Ó ku bùlọ́ọ̀nù kan péré,
èyí tó so apá irin mọ́ ikùn ọkọ̀.
Bọ́ọ̀tì ni ará òdìkejì ibodè ń pè é;
orúkọ méjèèjì la pè é lọ́jọ́ náà,
kò jẹ́ ọ̀kankan.

Ọ̀gá Wórù kò fi ìbínú bẹ̀rẹ̀.
Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ojú rẹ̀,
eruku pupa ọ̀nà Kìlìbó ya lulẹ̀.
Ó ta epo bíréèkì sí i lẹ́nu, ó ní, "Mu."
A jẹ gààrí. Ó tún ta á. A lọ sùn.
Ilẹ̀ mọ́, bùlọ́ọ̀nù ṣì dógò síbẹ̀
bí ẹni tí baba wa jẹ lówó.

"Má kọ́kọ́ tú u," ni ọ̀gá wí.
"Dè é sí i díẹ̀. Olóríkunkun,
ọ̀nà tó ń lọ la fi ń bá a rìn ká tó yí i padà."
Mo dè é. Ó ké kíín.
Mo yí i padà. Páìpù tí mo fi gùn sípánà tẹ̀,
èmi náà tẹ̀,
orí bùlọ́ọ̀nù já, pàù!
ó fò kọjá etí mi, ó lọ bá adìyẹ Ìyá Yọ́n.

Bíàwú káwọ́ lérí. Iṣu ń dúró dè é ní Kábùà.
"Ta ló di ọkọ̀ mi báyìí?"
"Omi ni," ọ̀gá dá a lóhùn. "Iyọ̀ òkun Kútọnu ni.
Bì sẹ́yìn, mo fẹ́ tan iná."

Iná gáàsì yọ ahọ́n.
Rọ́bà inú ibẹ̀ jó, òórùn rẹ̀ wọ irun mi
títí di ọjọ́ Ẹtì.
Irin pọ́n bí ẹyìn, ó pọ́n kọjá ẹyìn,
ọ̀gá ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe lórí:
gbìn. Gbìn. Gbìn.
Ìró náà gun òkè, òkúta dá a padà fún wa,
àfi bíi pé mẹkáníìkì mìíràn ń jìyà lẹ́yìn ibẹ̀.
Lẹ́yìn náà, ayùn irin. Abẹ mẹ́ta ló kán.
Nígbà tí wọ́n pe ìrun àsárì, nǹkan kan mí.
Kò ju fífẹ̀ èékánná lọ.
A ò sọ̀rọ̀.
Ó ń bọ̀, ó ń ha, ó ń kùn,
ó já bọ́ sórí yanrìn.

Ọ̀gá fi àkísà mú un, ó nù ún,
ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó dákẹ́.
Lọ́rùn rẹ̀, ìlà ayùn mẹ́ta, ọ̀kan wọ́:
àmì tó ń fi sára iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.
Gírísì kò kan irin náà rí.

"Èmi ni," ó wí. Kò wo Bíàwú.
"Ọwọ́ baba rẹ ni ọkọ̀ yìí wà nígbà yẹn.
Ilẹ̀ ọjọ́ kejì la máa sọ Bọ̀nì lórúkọ. Mo ń sáré.
Gírísì tán nínú agolo,
mo ní agbára, mo fi agbára dípò rẹ̀."

Bọ̀nì yẹn ti wà ní Pàràkú. Kì í sábà pe baba rẹ̀.

Ó na agolo tuntun sí mi.
Mo fi ìka bu gírísì, mo kùn ún yípo,
mo ki ìka bọ inú ihò, mo ní ó tó.
"Kò tó. Ẹni tó máa tú u kò mọ̀ wá."
Mo tún bù.

Owó bùlọ́ọ̀nù nìkan ló gbà lọ́wọ́ Bíàwú.
Ti àtijọ́, inú àpò ni ó kó o sí.
Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ sílé,
ṣòkòtò rẹ̀ wọ́ sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún.