Ìyípo Mẹ́tàdínlógún

Kò sí ẹni tó kọ́ wa.
Tíṣà pè é ní ráúńdà níléèwé,
ó fi ṣọ́ọ̀kì ya á sójú pátákó,
ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó lọ ra ẹ̀pà.
Àwa la gbé e wá sí òpópónà Òkè-Àró,
a sọ ọ́ ní Gbá-o-sá,
orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ẹsẹ̀ àga ìjẹun bàbá Akíntóbi ni igi wa,
èyí tó ṣẹ́ lọ́jọ́ tí àbúrò bàbá rẹ̀
jókòó lé e, tó rẹ́rìn-ín jù.
Bọ́ọ̀lù wa: ẹyọ ìbọ̀sẹ̀ kan,
àjákù aṣọ láti abẹ́ máṣíìnì ìyá mi,
rọ́bà inú táyà tí a wé mọ́ ọn, tí a tún wé mọ́ ọn,
títí ó fi le bí èkùrọ́.

Òpó Nẹ́pà ni ilé kìíní.
Táyà tí fọkanáísà rì mọ́lẹ̀ dé ààbọ̀ ni ìkejì.
Ìkẹta, òkúta tí Ìyá Ológì fi ń tẹ àpò ògì:
bí o bá máa fọwọ́ kàn án, rọra,
torí ọmọ tó bá da omidùn nù
á jáde nínú eré, á jáde ládùúgbò.
Bí mọ́tò bá ń bọ̀, olúkúlùkù á dúró síbi tó bá a,
ẹsẹ̀ kan lókè,
títí Pijó tó kó àpò kòkó á fi kọjá tòun ti èéfín rẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló dá ìjà sílẹ̀:
bí bọ́ọ̀lù bá sọnù, ẹni tó gbá a
kò gbọdọ̀ dúró títí wọ́n á fi rí i.
Akíntóbi ló ṣe òfin ọ̀hún. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ:
Akíntóbi fúnra rẹ̀ ni.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án,
wọ́n rán mi ní kẹrosíìnì.
Mo gbé gálọ́ọ̀nù ti òpó, mo ní
ẹ jẹ́ n gbá ẹyọ kan péré.
Akíntóbi jù ú wá pẹ̀lẹ́,
bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ ní àkàrà.
Mo gbá a.
Kò dún gbà, kò dún pò;
ó dún bí ìgbà tí ènìyàn rántí nǹkan lójijì.
Ó fo ọgbà, ó ta lu páánù, ó já sínú gọ́tà,
omi òjò gbà á,
ó kọjú sí odò Àlá.

Mo sáré.
Wọ́n wọ gọ́tà dé orúnkún, wọ́n ń fi igi tú ẹrẹ̀.
Mo sáré.
Ìyípo kẹta, Ìyá Ológì gbé abọ́ rẹ̀ kúrò lọ́nà.
Ìkeje, bàtà mi òsì já.
Ìkẹsàn-án, fọkanáísà pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè.
Ìkọkànlá, ìyá mi yọ ní ìkóríta:
“Fadérera! Kẹrosíìnì dà?”
Mo ní, “Òfin ni, Màámi!”
Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó gbá tẹ̀ lé mi,
ó di ìkẹtàdínlógún kó tó rí etí mi mú.

Wọn ò rí bọ́ọ̀lù yẹn.

Ọdún mọ́kànlélógún. Òpó ti di kọnkéré,
Ìyá Ológì ti sùn.
Akíntóbi ń wọ táì lọ sí báǹkì.
A pàdé nílé epo lọ́nà Ọ̀dà,
èmi àti gálọ́ọ̀nù mi, bí ti àtijọ́.
Kò kí mi. Ó ní, “Mọ́kànlá ni.
Ìgbà tí ìyá rẹ pè ọ́ leré parí.”
Mo ní, “Ṣé ẹ rí bọ́ọ̀lù?”
Ó dákẹ́. Ọmọ tó ń ta epo ń wò wá.
Ó sanwó epo mi, ó ní kì í ṣe pé òun gbà o.

Bí òjò bá rọ̀, tí Àlá kún dé abẹ́ afárá,
mo máa ń dúró wo omi díẹ̀.
Ẹyọ ìbọ̀sẹ̀ kan. Rọ́bà dúdú.
Bí ẹ bá rí i, ẹ má tíì pariwo.
Ẹ jẹ́ n yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i.