Àṣá ní Òtígbá

Kamọ́rù fi ìka mẹ́ta gbé e:
"Ẹ wò ó, ó fẹ́lẹ́ bí ìwé ìléwọ́."
Mo béèrè iye.
Ó dárúkọ owó ilé ọdún kan ní Bàrígà.
Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.
"Ọjà tó dára, owó ní ń pa á."

Mo ní kó ṣí àwòrán ilé alájà mẹ́ta
tí mo gbé wá nínú fúláàṣì.
Ayárabíàṣá ni wọ́n ń pè é;
àṣá yìí bà, ó ń mí hẹlẹ,
abẹ́ rẹ̀ gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe.
Àtẹ̀gùn ilé yọ.
Òrùlé ò yọ.

Ó bá fa kan jáde lábẹ́ tábìlì,
ó ki, ó ti họ létí,
lẹ́tà A ti parẹ́ lójú bọ́tìnnì.
Ìdajì owó.
Kí n tó ṣẹ́jú, òrùlé ti dé, tòun ti páànù.

Mo rántí oníbàárà Ìkòyí
tó wo ẹ̀rọ mi kó tó wo iṣẹ́ mi.
Mo sanwó èyí tó ki.
Lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ Ìkẹjà,
mo pààrọ̀ èjìká lẹ́ẹ̀mẹrin.