Alárinà Iṣu

Lọ́dún tí ewé iṣu wa dúdú láti orí ọ̀pá dé ìdí ebè,
bàbá mi ní mànàmáná ló jó o.
Ó dúró láàárín oko lẹ́yìn Ìjẹ̀ṣà Iṣu,
ó ń fi bàtà rọ́bà ta erùpẹ̀.
Àádọ́jọ ebè. Iṣu tí a wa níbẹ̀ kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ.

Dókítà Mobọ́láwà Fáṣùyì dé nígbà tí òjò gbóná,
awò ojú rẹ̀ ni wọ́n fi téèpù lẹ̀.
Ó já ewé kan, ó kọjú rẹ̀ sí oòrùn
bí ẹni tó ń wo owó bóyá ayédèrú ni.
“Bàbá, kì í ṣe mànàmáná.
Òjò ló ń gbé e láti ewé dé ewé,
ohun kan tó kéré ju lẹ́búlẹ́bú èlùbọ́ lọ.”
Bàbá mi béèrè orúkọ rẹ̀.
Ó dárúkọ. Ó gùn.
Bàbá mi ní, “Mànàmáná rọrùn láti pè.”

Èmi ni ó gbà síṣẹ́, kí n máa di àpò.
Mo ti ń jẹ iyán láti ìgbà tí mo ti ní eyín,
n kò mọ̀ pé iṣu ní akọ, ó ní abo,
pé ó ń tanná, pé ó ń so èso.
Ẹ̀bù ni a mọ̀. Gé e, gbìn ín. Iṣu àná ni iṣu òní,
ohun tó bá pa ọ̀kan, ó mọ ilé gbogbo wọn.

Òdòdó náà kò tó orí ìṣáná.
Ọ̀sán gangan ló ń là, nígbà tí ajá pàápàá ń wá ibòji.
Ó gbẹ́ igi ìtayín kan lẹ́nu ṣóńṣó,
ó fi bu lẹ́búlẹ́bú lára akọ kan tó ti Ìlásà wá,
èyí tí ewé rẹ̀ kì í jó,
ó fi kan abo bàbá mi.
“Alárinà ni mí,” ó wí, kò rẹ́rìn-ín.
Mo fi àpò bò ó kí kòkòrò má bàa dá sí ọ̀rọ̀ wọn,
mo so páálí mọ́ ọn: ọjọ́, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá.

Ọgọ́rùn-ún òdòdó. Èso mẹ́sàn-án.
Hóró méjìdínláàádọ́ta, ìyẹ́ wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ti eṣinṣin.
A bomi rin wọn bí ìkókó nínú ilé nẹ́ẹ̀tì,
ìgbà tí wọ́n yọ ewé tán, òun fúnra rẹ̀ fọ́n àrùn sí wọn lára.
Ọjọ́ yẹn ni mo bínú sí i.
Ní ọjọ́ kẹjọ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún,
ó tún nù ún.
Ó ku ọ̀kan. Nọ́ńbà mọ́kànlélógún.

Ó gbà á ní ọdún mẹ́ta kí ó tó ní iṣu tó ṣe é gún.
Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nínú òjò tó pa ti aládùúgbò.
A gbé e tọ Yèyé Ìbíyẹmí lọ,
ẹni tí kì í purọ́ fún ẹnikẹ́ni lórí iyán.
Ó sè é, ó gún un, ó tún gún un.
Ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Kókó.
“Ewé rẹ̀ sunwọ̀n,” ó ní. “Ìsí í jewé?”

Ta ni í jẹ ẹ́ lóòótọ́?
Dókítà jẹ òkèlè tirẹ̀ tán, àtòun àti kókó,
ó ṣan ọwọ́.
Nínú mọ́tò, lọ́nà Ìkòlé, ó ní
àbùdá tó ń gba ewé là ti wà lọ́wọ́ wa,
àbùdá iyán ṣì wà lára ti bàbá mi,
kí a tún mú wọn fẹ́ra.
Mo ṣírò rẹ̀. Bàbá mi á ti lé lọ́gọ́rin.

N kò mọ bí mo ṣe máa sọ fún un. Mo sọ ọ́ ṣá.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ó wá bá wa lábẹ́ oòrùn,
ó ṣí fìlà rẹ̀ kalẹ̀:
ogún igi ìtayín, ó ti gbẹ́ gbogbo wọn lẹ́nu.
Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.
“Akọ náà dà?”