Kóró Ólífì Mẹ́fà

Alẹ́ Ọjọ́rú ni, ní Píréà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán.
Eruku pupa ti bo báńkónì wa,
afẹ́fẹ́ gúúsù ló gbé e la òkun kọjá láti aṣálẹ̀.
Ìyá ọkọ mi, Frósò, kò jẹ́ kí n palẹ̀ tábìlì mọ́.
Ó ń ṣa kóró ólífì inú àwo rẹ̀,
ó ń tò wọ́n sórí aṣọ tábìlì aláwọ̀ aró:
"Síírọ́sì rè é. Párọ́sì rè é. Náksọ́sì, òun ló sanra jù.
Íọ́sì. Fólégándírọ́sì."
Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ìkẹfà kó tó gbé e kalẹ̀.
Kò pe orúkọ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan péré la ní, lẹ́yìn Àjíǹde.
Pándélì ọkọ mi mí kanlẹ̀:
"Ẹni tó ń ha ìpẹtà lára ọkọ̀ ní Pérámà lọ́dún yípo,
inú ọkọ̀ náà lẹ tún ní kó ti lọ sinmi?"

Mírsíní, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò gbójú kúrò lára fóònù.
Náksọ́sì nìkan ló rí: iyanrìn funfun, omi tó mọ́ gaara.
Mo ní omi ìgbà ìrúwé ṣì tutù bíi yìnyín.
Ó ní àwòrán kì í gbọ̀n.

Àbúrò rẹ̀, Strátì, tó máa ń bì kí ọkọ̀ tó kúrò lébùúté,
béèrè bóyá a lè fẹsẹ̀ rìn ín.
Ó fi ìka méjì rìn láti kóró dé kóró.
Ìka rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú.

Èmi ni mo mú ìwé.
Èmi ni mo máa ń mú ìwé.
Ènìyàn márùn-ún, èbúté mẹ́fà,
ọkọ̀ tí kò tíì pọ̀ lójú omi nítorí ẹ̀ẹ̀rùn ò tíì dé:
èyí tó ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì kì í yà ní Íọ́sì,
èyí tó ń yà ní Íọ́sì, òru ọ̀gànjọ́ ló ń já èrò sílẹ̀.
Mo rò ó pọ̀, mo yọ ọ́ kúrò, mo pa á rẹ́.
Owó ọwọ́ wa ò ju erékùṣù méjì àbọ̀ lọ.
Mo mú kóró kan kúrò. Ẹnikẹ́ni ò fọhùn.
Mo mú èkejì. Mírsíní pòṣé.
Nígbà tí ọwọ́ mi dé orí ìkẹfà,
ọwọ́ Frósò ti wà níbẹ̀.

"Wọn ò tíì kọ́ èbúté nígbà yẹn," ló wí.
"Ọkọ̀ ńlá á dúró lọ́ọ̀ọ́kán,
wọ́n á fi ọkọ̀ kékeré tù wá lọ bá a.
Bàbá mi ló di okùn mú létí òkúta.
Òkun ń fa okùn, okùn ń fa okun bàbá mi,
mi ò mọ èyí tó kọ́kọ́ tú nínú wọn.
Òdòdó pupa ti yọ láàárín òkúta,
mo ní n óò padà wá ká a.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí."
Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin báyìí,
fèrè ọkọ̀ ló sì ń jí i láràárọ̀ láti ìgbà náà.

Pándélì mú pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi.
Pẹ̀lú ìka tí ìpẹtà kì í tán ní èékánná rẹ̀,
ó fa ìlà kan láti Píréà,
kò yà síbì kankan.
"Síkínọ́sì," ló wí.
"Wákàtí mélòó?" Mírsíní béèrè.
"Mẹ́jọ. Bí afẹ́fẹ́ bá gbà."
Ó tún fóònù rẹ̀ gbé, ó ń wá àwòrán ibẹ̀,
kò rí púpọ̀.

Mo gbọn aṣọ tábìlì síta, sórí eruku pupa yẹn.
Kóró márùn-ún ni mo kà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù ká wọkọ̀.
Strátì ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.