Òfin fún Aláìlẹ́nu

Ọmọ Ṣónúgà ló mú un wọ àárín wa lórí Wásáàpù,
bí ẹni mú àlejò wọlé láìsọ fún baálé.
Ó ní kì í jẹun, kì í bèèrè owó ọkọ̀,
dátà nìkan ló ń lá, bí ewúrẹ́ ti ń lá iyọ̀.
Ó pè é ní Olùrànwá.
Àwa onílé àdúgbò, ní Ìṣarà níbí, ń pè é ní Má-sùn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, a yọ̀.
Ó ń rán wa létí owó iná, ó ń ka orúkọ ajẹgbèsè owó ọdẹ.
Ọ̀sẹ̀ kejì, Alàgbà Odùsànyà kọ ọ́ pé òrùlé òun jò,
òjò ba àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin jẹ́.
Má-sùn ní: "Ẹ kú oríire o! Olúwa á fi kún un."
Ìyàwó Ọ̀ṣínúbi ń wá ewúrẹ́ tó sọnù,
ó polówó ọṣẹ ìbọ́jú fún un.
Lóru, nígbà tí ajá pàápàá ti fi imú bọ eérú,
fóònù ń dún lábẹ́ ìrọ̀rí: "Ẹ rántí mu omi."
Ta ní ń mu omi ní aago méjì òru?

A pàdé nínú gáréèjì Odùsànyà. Èmi akọ̀wé mú bírò.
Màmá Ọ̀nàfowókàn, àgbà inú wa, ló kọ́kọ́ bèèrè:
"Bó bá bú mi lọ́la, ilé ta ni kí n gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ?"

Má-sùn, kí o tó sọ̀rọ̀, sọ ohun tí o jẹ́.
Má wí pé "àwa ọmọ Rẹ́mọ";
a kò sin ibi rẹ sí ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni.
Bí o bá ṣìsọ, Ṣónúgà ló ṣìsọ:
ẹni tó tú ajá sílẹ̀ ni yóò san owó adìẹ.
Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ ọ,
má kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.
Bí ẹni méjì bá ń jà, dákẹ́;
èébú kò gbóná létí rẹ rí.
Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, má bá wa kẹ́dùn.
Kí la fẹ́ fi ẹkún ẹni tí kò lójú ṣe?

Nígbà tó kan àdúrà, a jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú.
Pásítọ̀ ní kò gbọdọ̀ ṣe àmín. Ààfáà Mùsílíù ní òun fara mọ́ ọn.
Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ó yà wọ́n lẹ́nu.

Àti èyí tó kẹ́yìn:
láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ di aago méje òwúrọ̀,
kó pa ẹnu tí kò ní mọ́.
Màmá ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè sí i.
Ọmọ Ṣónúgà tún un ṣe. A sùn.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i.
Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méje, Màmá Ọ̀nàfowókàn:
"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ṣé ẹ jí dáadáa?"
Ilẹ̀ mọ́, ọ̀sán pọ́n, kò sí èsì.
Mo fi ìka yí ọ̀rọ̀ padà sẹ́yìn, oṣù kan, oṣù méjì.
Ojoojúmọ́ ni Màmá ń kí wa,
ojoojúmọ́ ni ohùn kan ṣoṣo ń dá a lóhùn:
"A jí ire, Mama. Ṣé orúnkún ti fúyẹ́ díẹ̀?"
Orúnkún wo?
Èmi tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín èmi àti rẹ̀,
n kò mọ̀ pé orúnkún ń dùn ún.

N kò pe ìpàdé. Òfin náà dára, mo ṣì dúró tì í.
Àmọ́ mo yí aago fóònù mi sí ìdájí.
Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, ìka mi ń gbọ̀n:
"A jí ire, Mama. Orúnkún ńkọ́?"
Ó pẹ́ kó tó fèsì.
"Ta nìyẹn? Sọ ohun tí o jẹ́ kí o tó sọ̀rọ̀."
"Ènìyàn ni, Mama. Akọ̀wé ni."
"Bẹ́ẹ̀ náà ni òun náà ì bá wí.
Wá kan ilẹ̀kùn, kí n fojú rí ọ."

Mo ń wá bàtà mi nínú òkùnkùn.