Oòrùn Tòkunbọ̀

Aago méje ku díẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé,
n kò tíì bọ́ bàtà, Bójúrí ti gbé okùn ọrùn rẹ̀ sẹ́nu,
ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá sin gbèsè.
Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ fún gbogbo ayé;
tèmi ló fẹ́ ṣú.

A gba ẹ̀gbẹ́ ère ẹran oníwo gbàǹgbà nì kọjá,
èyí tí wọ́n fi kọnkéré mọ sétí òkun Cow Bay.
Bójúrí gbé ẹsẹ̀ sókè, ó kí i bó ṣe máa ń kí i.
Mo ní, "Ó tó, jẹ́ ká lọ,
oòrùn kì í dúró de ẹni tó ń tọ̀."

Òtútù oṣù Ṣẹ́rẹ́ kò mọ àgbà.
Ó bu imú jẹ, ó bu etí jẹ,
ó gba inú ìbọ̀sẹ̀ méjì kọjá lọ rèé ka ọmọ ìka ẹsẹ̀.
Omi iyọ̀ dì mọ́ àpáta bí ògì tó gbẹ sétí ìkòkò.
Òkun fúnra rẹ̀ ń rú èéfín,
bí ẹni pé ìyàwó ilé kan wà nísàlẹ̀ tó ń fi igi tútù dáná.

Mo gé orí ìka kan kúrò lára ìbọ̀wọ́ ọ̀tún,
ìka tí mo fi ń tẹ fóònù.
Àyà ni mo ń gbé fóònù náà sí, lábẹ́ súwẹ́tà mẹ́ta,
bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ;
bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ó kú nìyẹn.

Ìlà pupa kan kọ́kọ́ yọ, tín-ín-rín, bí etí aṣọ tí iná jó.
Lẹ́yìn náà ó yọ orí.
Kò pariwo. Ohun tó tóbi tó báyìí, kò pariwo!
Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́.
Mo fi ránṣẹ́ sí Ìbídùn, ẹ̀gbọ́n mi, n'Ígbájọ.

Ohùn rẹ̀ dé kí n tó dé títì:
"Àwẹ̀ró, oòrùn wo lo tún ń fi hàn mí?
Èyí tí a ti ń lò láti àárọ̀?
Aṣọ ti gbẹ nínú rẹ̀, ata ti gbẹ nínú rẹ̀,
èmi ti ń wá ibòòji sá sí.
Ẹ̀yin lẹ ń fi mọ́tò tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sí wa,
àwa náà ń fi oòrùn tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sí yín.
Ẹ má bínú pé ooru inú rẹ̀ ti tán."
Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi dì sí mi nípèǹpéjú.

Ọjọ́ mìíràn wà tí kò yọ rárá.
Mo ya kùrukùru. Mo ya ìdí Bójúrí.
Mo ya Ọ̀gbẹ́ni Mosher, apẹja tó ti fẹ̀yìn tì,
tí kò lè pe Bójúrí, tó ń pè é ní Jẹ́rì.
Ajá náà ń jẹ́ méjèèjì;
ẹni tó bá ní bisikíìtì lápò ló ni orúkọ.

Lánàá ni mo to gbogbo fọ́tò sójú kan, mọ́kànlélọ́gọ́ta,
mo wá rí i pé oòrùn ti ń kó kúrò.
Lóṣù Ọ̀pẹ, ẹ̀yìn àpáta ọwọ́ ọ̀tún ló ti ń yọ;
ó ti ń yọ́ rìn lọ sọ́wọ́ òsì,
bí ayálégbé tí kò fẹ́ kí onílé gbọ́ ìró ẹrù.

Mo sì rí nǹkan mìíràn.
Ní igun ìsàlẹ̀, ibi tí n kì í wò,
etí Bójúrí, tàbí ẹnu rẹ̀, wà níbẹ̀ nígbà gbogbo.
Mo padà sí fọ́tò ọdún mẹ́rin sẹ́yìn:
irun ẹnu yẹn dúdú bí èédú.
Èmi ń dúró de oòrùn lójú omi,
ilẹ̀ ti ń mọ́ lẹ́nu ajá mi, n kò mọ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo kọ ẹ̀yìn sí òkun.
Mo kúnlẹ̀ sínú yìnyín. "Bójúrí, wo ibí."
Kò wò mí. Ẹyẹ kan ló ń wò.
Ìmọ́lẹ̀ gba èjìká mi kọjá, ó bọ́ sí i lójú,
mo tẹ̀ ẹ́.

Fóònù ti kú.
Ìbídùn á ní mo sùn gbàgbé.